Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi So Ọkọ Mi Mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ayé kọ́ ló ṣe ọkọ mi. Ọ̀tá kọ́, orogún kọ́, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ náà kọ́. Èmi Oyèbísí ni. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo fi ṣe é, ojú mi sì là kedere nígbà tí mo ń ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ máa bú mi. Kò sí èébú tí ẹ máa rí tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò tíì lò tán.

Ọdún 1985 la kó láti Ìsẹ́yìn wá sí Àbújá, èmi, Bùsàrí ọkọ mi, àti Ìbídùnní ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń kọ́ olú-ìlú tuntun nígbà náà, òkúta ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Orí òkè Mpape la ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bùsàrí ló ń di ẹ̀rọ tó ń lu ihò sára àpáta mú. Ẹ̀rọ yẹn máa ń gbọn ènìyàn láti àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé eyín.

Èmi ní tèmi ti ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún méjì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìsẹ́yìn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Mo bá fi pákó kan ṣọ́ọ̀bù oògùn sẹ́bàá ọ̀nà. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo Mpape ń pè mí. Kódà Yàhàyá, onílé wa tó jẹ́ ọmọ Gbàgyí, "Sànnu, Nọ́ọ̀sì" ló fi máa ń kí mi láràárọ̀. Orí mi wú.

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bùsàrí, ta ni ẹ fẹ́ kó lọ bá? Oògùn oníhóró ni mo kọ́kọ́ ń fún un. Ó ń lò ó láàárọ̀, ó ń lò ó lálẹ́, ẹ̀yìn náà sì ń rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ààwẹ̀ ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

Bùsàrí kì í fi ààwẹ̀ ṣeré. Nígbà tí ti ọdún 1986 wọlé, ó ní òun ò ní gbé hóró oògùn mì lójú ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ òun ò sì lè fi ẹ̀yìn yẹn di ẹ̀rọ mú. Ó gba ọ̀dọ̀ àáfà wa lọ.

"Àáfà ní abẹ́rẹ́ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́ tí kì í bá ti í ṣe èyí tó dà bí oúnjẹ," ó sọ fún mi nígbà tó dé. "Ìyá Ìbídùn, ṣé o ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora?"

Mo ní in. Ọkùnrin kan tó ń kó oògùn wá láti Súlèjá ló ń tà á fún mi. Èyí tó lágbára ni, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ní Ìsẹ́yìn, inú àpótí tó ní àgádágodo ni dókítà wa ń tọ́jú rẹ̀ sí, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì máa ń wà. Àáfà ò mọ irú abẹ́rẹ́ tí à ń wí. Èmi mọ̀.

Mo gún un.

Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbídùn, kí lo fún mi? Àfi bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi!"

"Oògùn náà ni."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ fún mi."

Ojoojúmọ́ ni mo fi gún un títí oṣù fi lé. Iṣẹ́ ènìyàn méjì ló ń ṣe, kò sì jẹ ààwẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ní mọ́sáláṣí. Èmi náà ń yan fanda pé ọkọ tèmi nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ìtúnu ààwẹ̀, mi ò gún un mọ́. Mo rò pé ó ti parí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó ń yán ṣáá, òógùn bò ó, inú ń lọ́ ọ. Ó na Ìbídùnní nítorí pé ọmọ náà ń kọrin. Bùsàrí tí kì í fọwọ́ kan ọmọ!

"Wá gún mi lábẹ́rẹ́ yẹn," ó ní. "Ẹ̀yìn ti tún dé."

Kì í ṣe ẹ̀yìn. Mo ti rí irú rẹ̀ rí, lára tíṣà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ yẹn pẹ́ jù. Dókítà pe gbogbo wa jọ sídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní ká wò ó dáadáa. Ó ní, "Ara rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti lè já a gbà lẹ́nu rẹ̀."

Nítorí náà, mo mọ̀. Mi ò ní fi àìmọ̀kan bojú níwájú yín. Mo gún un lọ́jọ́ yẹn kó lè sùn, mo sì sọ fún ara mi pé tó bá di ọjọ́ Ajé, a ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Àìkú ló bá mi sọ̀rọ̀ Gàníyátù.

Gàníyátù ni táípíìsì ní ọ́fíìsì ibi ìfọ́kúta. Ọmọ Kàbà ni, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ó dúdú, ó ń dán, ó sì léjí.

"Ìyá Ìbídùn, má bínú," Bùsàrí ní. "Mo fẹ́ fẹ́ Gàníyátù. Ẹ̀sìn wa gbà mí láyè. Mo ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Ẹ ti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀? Kí ẹ tó bá èmi sọ ọ́?"

"Ṣebí mo ń bá ọ sọ ọ́ nìyí."

Mo ké, mo búra, mo fa ìbòrí mi ya. Ó ní ìyàwó méjì kì í tú ilé. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tèmi fẹ́. Ẹ ò ní bi mí bí ìyá mi ṣe lo ayé rẹ̀, ìyá mi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá, ó sì tú okùn ṣòkòtò rẹ̀, ó ń dúró kí n gún òun bí ìṣe.

"Kò sí," mo ní.

"Kí ni kò sí?"

"Oògùn ti tán."

Ó na ọrùn wo orí pẹpẹ. "Ìyá Ìbídùn, ṣé kì í ṣe òun nìyẹn?"

"Ti Gàníyátù nìyẹn. Ẹ lọ bá a kó gún yín."

Ó bínú jáde. Kò ju wákàtí méjì lọ tó fi pa dà wá, ó ń gbọ̀n, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ekuru. Bùsàrí tó fi ọ̀sán gangan sọ fún mi pé òun rí ẹlòmíràn, òun náà ló ń wo ojú mi bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe burú. Ó sì dùn mọ́ mi. Bí mo bá purọ́ fún yín, kí ni n ó fi jẹ? Ó dùn mọ́ mi dé egungun.

"Ta ni Gàníyátù?" mo bi í.

"Oyèbísí, jọ̀ọ́."

"Mo ní ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo gún un. Ọjọ́ Ajé dé, ó kọjá, a ò lọ sí ilé ìwòsàn kankan.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sọ "ẹ" sí ọkọ mi mọ́. Kò sì rí ẹnu fi bá mi wí.

Ohun tó wí nínú ṣọ́ọ̀bù ò tó mi. Mo fẹ́ kí ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kí Jímọ̀ tán, mo mú Bùsàrí lọ síwájú ọ́fíìsì wọn, abẹ́rẹ́ wà nínú báàgì mi, ó sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró kítikìti.

"Sọ fún un," mo ní.

Bùsàrí wo ilẹ̀. "Gàníyátù, mi ò fẹ́ ọ mọ́. Ọ̀bùn obìnrin ni ọ́."

Ọ̀bùn yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ ní i. Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Ọmọ náà ò sunkún. Ojú Bùsàrí ló ń wò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ojú wọn ò dáa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá dókítà."

Kí ẹni tó fẹ́ gba ọkọ mi máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ! Mo tu itọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fa ọkọ mi lọ sílé.

Ohun tó kàn ò pẹ́ dé. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹran ìdí rẹ̀ le bí pákó, abẹ́rẹ́ ń tẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó di ọdún 1987, ó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ sì gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù mi la wá ń jẹ. Òun ló ń fọ aṣọ mi, tìró tìbùbá, níta gbangba lẹ́bàá kànga. "Bùsàrí ti di ìyàwó Nọ́ọ̀sì," ni àwọn ọkùnrin àgbàlá wa ń wí. Mo ń gbọ́, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Sànúsí ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fọ́ òkúta. Ó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n tèmi mu igbó títí orí rẹ̀ fi dàrú," Sànúsí ní. "Àrò, l'Abẹ́òkúta, la gbé e lọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ birikìlà báyìí. Wọ́n ń tọ́jú ti abẹ́rẹ́ náà níbẹ̀."

Bùsàrí dìde jókòó. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó dìde bẹ́ẹ̀. "Oyèbísí, gbé mi lọ sí Àrò. Mo bẹ̀ ọ́."

"Àrò?" Mo pàtẹ́wọ́ lé e. "Ṣé wèrè ni ọ́ ni? Ta ló máa fẹ́ Ìbídùnní tí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ti sùn ní Àrò rí?"

Ó tún dùbúlẹ̀ padà. Mo sin Sànúsí dé ojú ọ̀nà, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó má tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú mọ? Ó kù.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, Bùsàrí fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́ náà. "Tì mí mọ́ yàrá," ó ní. "Bí mo bá ń ké, má dá mi lóhùn. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, má fún mi."

Mo tì í mọ́lé. Lọ́kàn mi, kò ní lo ọjọ́ kan.

Ó lo ọjọ́ kìíní. Ó bì, ó ṣu sára, ó fi orí gbá ògiri. Lọ́jọ́ kejì, ó bú mi, ó bú ìyá tó bí mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń fi èékánná họ ilẹ̀kùn, ó ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Mi ò dá a lóhùn, bó ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹrin, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún ló kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ní òun fẹ́ mu ògì.

Ó fara ti ògiri, ó ti rù kan eegun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ funfun báláú. Ojú Bùsàrí tí mo fẹ́ ní Ìsẹ́yìn ni mo rí yẹn. Ó mu ògì náà tán.

"Oyèbísí, mo ti bọ́," ó ní. "Alihamudulilai. Mo ti bọ́."

Inú mi dùn. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn.

"Tí mo bá ti lè rìn dáadáa," ó tún ní, "n ó lọ bẹ Gàníyátù. Ohun tí mo sọ sí i níwájú ènìyàn yẹn ò dáa."

Kò ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ o. Ẹ̀bẹ̀ ló ní òun fẹ́ bẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tèmi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Gàníyátù nìkan ló gbọ́.

Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Ara rẹ gbóná díẹ̀," mo ní. "Jẹ́ kí n gún ọ lábẹ́rẹ́ ibà."

Ara rẹ̀ ò gbóná rárá.

"O ṣé," ó wí, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi fúnra rẹ̀. "Rọra, ibẹ̀ ti le."

Ẹni tó ti jìyà ọjọ́ mẹ́rin, tó já ara rẹ̀ gbà, tí kò bẹ̀ mí, tí kò béèrè. Mo gún un. Mi ò tíì fa abẹ́rẹ́ yọ tó ti mọ̀. Ó yí orí padà, ó wò mí.

"Oyèbísí. Abẹ́rẹ́ wo nìyí?"

"Ti ibà ni."

Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí oògùn náà ti ń wọlé. Ojú kan náà ló fi ń ṣe méjèèjì. Mo palẹ̀ abọ́ ògì mọ́, mo jáde. Kò tún sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ jáwọ́ mọ́.

Òjò ọdún 1988 ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ìdáyátù dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, Ìsẹ́yìn ló ti wá, Sànúsí ló kọ lẹ́tà sí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ó sì fi ìborùn bo imú. Egbò ìdí Bùsàrí ti ń rùn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí wa?"

"Màámi, mi ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú ni."

"Ẹ ṣé. Ẹ bá mi gbé e."

A gbé e dé ilé ìwòsàn nínú ìlú lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ní kó dojú bolẹ̀, ó ń wo àwọn egbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ń gún un?" ó béèrè.

"Èmi fúnra mi ni," Bùsàrí dáhùn. Ó dáàbò bò mí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ṣì dáàbò bò mí!

Dókítà na ìka sí òkè ìdí rẹ̀, níbi tí ó kángun sí ẹ̀yìn. "Ọwọ́ rẹ ò lè débí. Gbogbo rẹ̀ tò gún, apá ibì kan náà ló ti wọlé. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún ló gún un."

Ìdáyátù yíjú díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bà lé mi.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní.

"Màámi, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n o. Àwọn ló ń bẹ̀ mí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹ bi wọ́n, àwọn ló ń bẹ̀ mí!"

Bùsàrí sì sọ̀rọ̀. Kò pariwo, kò gbójú sókè. "Mo bọ́ nígbà ọyẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ karùn-ún ni. Mo ti mu ògì. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ ibà ni."

Dókítà jókòó. Nọ́ọ̀sì gidi tó wà níbẹ̀ gbé àwo tó dì mú sílẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ejò nínú ilé. Ìdáyátù ò lù mí. Ó bọ́ ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi bo ìdí àbúrò rẹ̀, ó wá ní, "Jáde. Kí n má ṣèèṣì fi orúkọ ìyá mi ṣépè fún ọ."

Ó padà ṣépè náà. Gbogbo kọ́ríídọ̀ gbọ́ ọ.

Àrò ni wọ́n gbé e lọ. Oṣù márùn-ún. Ìdáyátù mú Ìbídùnní lọ sí Ìsẹ́yìn, Yàhàyá sì ní kí n kó ẹrù mi. Ní Mpape, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú aláìsàn yìí nílé, ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ má sọ pé ojú á tì yín. Àwọn tó wà ní Àrò kì í ṣe wèrè lásán, ènìyàn wà níbẹ̀ tí ẹnì kan fẹ́ràn débi pé ó gbé wọn wá. Èmi ò fẹ́ràn tèmi tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi ni.

Lóṣù kẹrin, mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo ní bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò gbà mí padà. Ìyẹn nìkan ló kù fún mi láyé.

Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lábẹ́ igi. Ó jáde wá. Ó ti sanra! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ó ń rìn láìtiro. Ó ń bá nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí mi.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá Ìbídùn, ẹ dárí jì mí. Ẹ foríjì mí nítorí Ọlọ́run."

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì ọ́. Mi ò bá ọ jà."

"Ẹ ṣé. Ẹ ṣé, olówó orí mi. Ẹ jẹ́ ká—"

"Má sún mọ́ mi."

Mo wo ojú rẹ̀. Òógùn ti bò ó níwájú orí. Ọwọ́ rẹ̀ tó ní ìka mẹ́ta ń gbọ̀n. Ó yán. Ó tún yán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Wò ó," ó ní, ó na ọwọ́ náà sí mi kí n rí i. "Oṣù mẹ́rin ni ara mi ò ti béèrè rẹ̀. Mo rí ọ, ó béèrè. Oyèbísí, kì í ṣe ìwọ ni ara mi ń rí. Abẹ́rẹ́ ló ń rí."

Mo na ọwọ́ láti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó fò sẹ́yìn, ó sì kígbe pe nọ́ọ̀sì, bí ọmọdé ṣe ń pe ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà sáré dé. Ó fi ara rẹ̀ sí àárín wa, ó di Bùsàrí léjìká mú, ó ń sọ fún un kó máa mí, kó rọra máa mí. Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó ní. "Ẹ gba ẹ̀yìn ilé yẹn lọ, kí wọ́n má tún rí yín tí ẹ bá ń jáde."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ.